Òkè tí Oríkì Ń Kì, tí Akẹ́kọ̀ọ́ Kò Gùn

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ìròyìn kò tó àfojúbà. Ọ̀rọ̀ yìí bá ọ̀nà tí wọ́n ń gbà kọ́ni ní oríkì ìlú nílé-ẹ̀kọ́ wí. Akẹ́kọ̀ọ́ gírámà kan ní Àpáta lè ka oríkì Ìbàdàn lórí láìṣì í sọ. Ó mọ̀ pé òro, ìgbín àti ìkarahun wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí olùkọ́ bá bi í pé níbo ni àwọn tí ó jẹ òro náà jókòó sí jẹ ẹ́, ó ṣeé ṣe kí ẹnu rẹ̀ wọhò.

Orí òkè ni ìdáhùn wà. Ìtàn àbáláyé sọ pé Lágelú, jagunjagun tí ó ti Ifẹ̀ wá, ni ó tẹ Ìbàdàn àkọ́kọ́ dó sí ẹ̀bá ọ̀dàn. Ní ọjọ́ kan, aṣọ tú lára egúngún láàárín ọjà, tọmọdé tobìnrin sì fi í ṣẹlẹ́yà. Nítorí èyí ni ogun fi dìde sí ìlú náà, tí wọ́n sì pa á run. Lágelú àti àwọn ọmọ rẹ̀ tí ó ṣẹ́kù sá gun òkè. Òro igbó ni wọ́n ń jẹ, ìgbín ni wọ́n fi ṣe ẹran, ìkarahun rẹ̀ ni wọ́n sì fi mu ẹ̀kọ. Òkè tí ó dáàbò bò wọ́n náà ni ìlú ń bọ títí di òní. Abọkè ni olórí àwòrò rẹ̀. Nínú oṣù kẹta ni wọ́n máa ń ṣe ọdún Òkè'Bàdàn, èèwọ̀ sì ni láti dáná lọ́jọ́ náà. Oríkì, orin ẹ̀fẹ̀ àti ìtàn ìlú pàdé síbẹ̀.

Kí ló dé tí ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ kì í fi í mú ọmọ lọ síbẹ̀? Ìdí rẹ̀ kò farasin. Òbí tí ó jẹ́ Kìrìsìtẹ́nì àti èyí tí ó jẹ́ Mùsùlùmí ń bẹ̀rù pé ọmọ tí ó bá gun òkè òrìṣà ti bọ òrìṣà. Ẹ̀rù náà kì í ṣe ohun yẹ̀yẹ́, nítorí ìgbàgbọ́ ọmọ ká òbí lára. Síbẹ̀, wíwò yàtọ̀ sí bíbọ.

Ẹ jẹ́ kí olùkọ́ wo ilẹ̀ Íńdíà. Lórí òkè Sanchi, ọba Ashoka kọ́ stupa kan ní ọ̀rúndún kẹta ṣáájú ìbí Jésù. Stupa jẹ́ òkìtì ńlá rìbìtì bí igbá tí a dojú rẹ̀ dé, ibi ìbọ̀wọ̀ fún Búdà àti àwọn ẹni mímọ́ ẹ̀sìn rẹ̀. Àwọn mọ́ńkì kọ́lé yí i ká. Nígbà tí ẹ̀sìn Búdà rọ̀ ní Íńdíà, òkè náà dahoro, igbó sì bò ó. Ọ̀gágun Gẹ̀ẹ́sì kan kàn án ní 1818, àwọn tí ń wá ìṣúra sì tẹ̀ lé e, wọ́n gbẹ́ ẹ, wọ́n bà á jẹ́. Àárín 1912 sí 1919 ni John Marshall tó tún un ṣe. Wọ́n kó ohun ìrántí àwọn ọmọ-ẹ̀yìn Búdà méjì lọ sí Lọ́ńdọ̀nù. Ní 1952 ni wọ́n tó gbé e padà sórí òkè náà. Nínú ìkànìyàn 2011, ẹlẹ́sìn Búdà kò pé ẹnìkan nínú ọgọ́rùn-ún ará Íńdíà. Síbẹ̀, àwòrán Sanchi ni ìjọba fi sí ẹ̀yìn owó 200 rupee ní 2017. Ọmọ ẹlẹ́sìn Híńdù tí ó bá gun òkè náà kò tìtorí rẹ̀ pa ẹ̀sìn dà. Ìtàn ilẹ̀ rẹ̀ ni ó mọ̀ sí i.

Lítíréṣọ̀ Yorùbá fúnra rẹ̀ jẹ́rìí sí èyí. Kìrìsìtẹ́nì ni Fágúnwà, olùkọ́ sì ni. Síbẹ̀ nínú Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ (1938), Òkè Láńgbòdó ni ó rán àwọn akọni ọdẹ lọ. Ọjọ́ méje ni Ìrágbèje fi kọ́ wọn lọ́gbọ́n níbẹ̀. Bí ìgbàgbọ́ òǹkọ̀wé náà kò bá dí i lọ́wọ́ láti kọ ọ́, kò yẹ kí ó dí olùkọ́ lọ́wọ́ láti fi òkè gidi han ọmọ.

Ọ̀nà kò jìn. Àpáta wà lójú ọ̀nà Abẹ́òkúta, níbi tí àwọn Ẹ̀gbá tí ó kúrò ní agbègbè Ìbàdàn ti tẹ̀dó sí abẹ́ Olúmọ ní 1830. Òkè'Bàdàn sì súnmọ́ ju èyí lọ. Kí ilé-ẹ̀kọ́ kọ́kọ́ tọrọ àyè lọ́wọ́ Abọkè, kí òbí fọwọ́ sí ìwé, kí a má fi ipá mú ọmọ kankan kúnlẹ̀ tàbí jẹ ohunkóhun. Kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan mú ìlà oríkì kan dání, kí ó sì bi àwọn àgbà ibẹ̀ ní ìtumọ̀ rẹ̀.

Igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo ti wọ ìwé àwọn ogún àgbáyé ti UNESCO láti 2005, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n fi orúkọ Òkè Ìdànrè sí ìwé àwọn tí ń retí ní 2007. Ìwé UNESCO dára, ṣùgbọ́n kò lè ṣe iṣẹ́ ìyàrá ìkẹ́kọ̀ọ́. Àwọn tí kò mọ iyì Sanchi ni ó gbẹ́ ẹ wó. Bí àwọn ọmọ Ìbàdàn kò bá mọ òkè tí ó gbà wọ́n là, ta ni yóò bá wọn ṣọ́ ọ? Ẹni tí ó bá sọ ilé nù, àpò ìyà ni ó so kọ́.