Ìbò Kọ́ Ló Ń Jẹ Ẹ̀gẹ́ Wa

Ẹ̀yin ará Ìbàràpá,

Mo gbọ́ ọ ní gáréèjì Igbó-Ọrà, mo gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn olóṣèlú, àní mo gbọ́ ọ níbi òkú àgbà kan lọ́jọ́sí: "Ẹ jẹ́ kí ìbò 2027 lọ ná. Bí ìjọba bá dàrú pẹ́nrẹ́n, ìjà àwa àti Fúlàní á tún bẹ̀rẹ̀." Kálukú á ní, "Òótọ́ ni o." Èmi ní irọ́ ni, irọ́ tó sì ń ṣe wá ní jàǹbá ni.

Ẹ bá mi ka oṣù. Oṣù Kẹta 2019 la dìbò gómìnà. Oṣù Kejìlá 2020 ni wọ́n pa Dókítà Fatai Aborode ní Ìgàngàn bó ṣe ń ti oko bọ̀. Ní oṣù Kìn-ín-ní 2021, Sunday Igboho, ajàjàgbara Yorùbá, dé, ó fún àwọn Fúlàní ní gbèdéke ọjọ́ méje láti kó lọ. Ọjọ́ pé, iná sọ nílé Sàríkì Fúlàní. Nígbà tó di òru ọjọ́ 5 mọ́jú ọjọ́ 6 oṣù Kẹfà, àwọn agbébọn ya wọ Ìgàngàn. Ó kéré tán, ènìyàn 11 ló kú. Wọ́n sun ààfin Aṣígàngàn, wọ́n sun ilé epo. Ìbò wo ló wà nílẹ̀ nígbà yẹn? Èyí tó kọjá ti di ìtàn, èyí tó ń bọ̀ ṣì ku ogún oṣù. Ìgbà tí ìbò 2023 wá dé, tí ariwo ìṣèlú gba ìlú kan, a dìbò, a lọ sílé, a fi ọbẹ̀ ìlasa gbé àmàlà mì. Òru bíi ti Ìgàngàn kò tún wá.

Ibi tí ìjà ti ń bẹ̀rẹ̀ gan-an, mo ti dúró níbẹ̀ rí. Láàárọ̀ ọjọ́ kan nínú ẹ̀ẹ̀rùn, mo dé oko, mo bá ẹ̀gẹ́ mi ní ìdọ̀bálẹ̀. Wọ́n ti jẹ ewé rẹ̀ tán, wọ́n ti tẹ ebè fọ́, ìgbẹ́ màlúù ṣì tutù lórí rẹ̀. Mo gba àgọ́ ọlọ́pàá lọ. Wọ́n ní kí n mú owó ọkọ̀ wá kí àwọn lè lọ wo oko. Mo mú un wá. Wọ́n wò ó, wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé, ó parí síbẹ̀. Àlàájì tó ń gbé gàá ìtòsí wa, tí ìyàwó rẹ̀ ń gbé wàrà wá fún wa lọ́jọ́ ọjà, bá mi bẹ̀rẹ̀ wo ojú ẹsẹ̀ màlúù náà. Ó ní, "Tíṣà, ti wa kọ́ nìyí. Àwọn tó ń kọjá lóru ni." Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní wọ́n jí màlúù tòun náà lọ lọ́dún tó kọjá, òun náà sì san owó ọkọ̀.

Ẹni tó fẹ́ bá mi jiyàn á ní: Rògbòdìyàn Wẹ́tìẹ̀ ńkọ́? Ìjà Ifẹ̀ òun Modákẹ́kẹ́ ńkọ́? N kò jiyàn. Ìbò tí wọ́n jí ní oṣù Kẹwàá 1965 ló dáná Wẹ́tìẹ̀ ran Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn. Gbígbé ibùjókòó ìjọba ìbílẹ̀ kúrò ní Modákẹ́kẹ́ náà ló ṣáná sí ìjà 1997. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ilẹ̀ àti ìṣákọ́lẹ̀ ti ń jó lábẹ́lẹ̀ láàárín wọn kí ẹnikẹ́ni tó mọ ohun tó ń jẹ́ ìjọba ìbílẹ̀. Láti 2000 tí ìjà náà ti rọlẹ̀, ẹ wo iye ìgbà tí ìjọba Ọ̀ṣun ti bọ́ lọ́wọ́ ẹgbẹ́ kan sí òmíràn. Ní 2010, ilé ẹjọ́ ló yọ gómìnà. Ní 2018, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n dìbò kí wọ́n tó mọ ẹni tó wọlé. Ogun bíi ti tẹ́lẹ̀ kò tún ṣẹ̀.

Igboho ńkọ́? Ilẹ̀kùn tó ti ṣí sílẹ̀ ló bá wọlé. Bí àgbẹ̀ Ìgàngàn bá ti rí ẹni gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀, ta ni ì bá pàtẹ́wọ́ fún gbèdéke?

Ìgbàgbọ́ pé ìbò ló ń fa ìjà dùn mọ́ àwọn aláṣẹ, nítorí ó sọ ìjà di òjò: bó bá rọ̀, kò sí ẹni tó jẹ̀bi. Wọ́n á kó ọlọ́pàá wá lọ́jọ́ ìbò, ilẹ̀ ò ní ṣú tán tí wọ́n á ti kó wọn lọ. Láti 2019 ni òfin ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ti ka dída màlúù jẹ̀ kiri léèwọ̀. Ta ni wọ́n fi òfin náà mú nítorí oko mi? Ta ni wọ́n mú nítorí màlúù Àlàájì?

Nígbà tí olùdíje bá dé ọ̀dọ̀ yín ní Erúwà, ní Lánlátẹ̀, ní Ìdèrè, ẹ má bi í bóyá ìbò á lọ ní ìrọwọ́rọsẹ̀. Ẹ bi í pé: ní oṣù Kejì, bí màlúù bá wọ oko, tàbí bí olè bá wọ gàá, ta la ó pè, ọjọ́ wo ni yóò sì dájọ́? Ẹ kọ èsì rẹ̀ sílẹ̀ lójú rẹ̀.