Kò-Tẹ́-Mi-Lọ́rùn Kì Í Ṣe Àfojúdi

Ìwé ńlá ẹlẹ́yìn líle kan wà lọ́wọ́ akọ̀wé ẹgbẹ́ lánlọ́ọ̀dù àdúgbò wa ní Agodi, Ìbàdàn. Owó ọdẹ ni wọ́n ń kọ sínú rẹ̀. Bí o bá jẹ gbèsè ẹgbẹ̀rún náírà kan láti oṣù kẹta, ó wà níbẹ̀, wọ́n á ti fi bírò pupa fàlà sí i nídìí. Lálẹ́ ọjọ́ tí wọ́n dá ẹjọ́ tèmi, ìwé náà wà lórí tábìlì, bírò wà lórí rẹ̀. Kò sẹ́ni tó ṣí i.

Ẹjọ́ ọ̀hún kò le. Ilé ọtí kan ló wà lẹ́yìn fèrèsé mi. Láti Ọjọ́bọ̀ títí di Ọjọ́ Àìkú, sípíkà rẹ̀ kì í sinmi kí aago mẹ́ta òru tó lù. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo fẹjọ́ sùn, ìgbà tó di ẹ̀ẹ̀karùn-ún ni wọ́n tó pè wá jókòó. Wọ́n gbọ́ tẹnu mi, wọ́n gbọ́ tẹnu onílé ọtí, alága bá dájọ́: "Bàbá, ẹ fara dà á. Ọmọ wa ni, oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀ ló ń wá." Mo ní kò tẹ́ mi lọ́rùn, mo sì béèrè ibi tí mo lè gbé e lọ. Gbogbo ilé pa lọ́lọ́, àfi bí ẹni pé mo tàpá sí òkú ọ̀run. Àgbà kan ló kọ́kọ́ fọhùn: "A kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́."

Òwe yẹn gan-an ni mo fẹ́ bá wọ̀yá ìjà. N kò ti kóòtù bọ̀, ìbéèrè ni mo béèrè. Òwe tí àwọn baba wa fi ń kìlọ̀ fún ẹni tó fo ilé dá tó sáré lọ bá adájọ́, a ti sọ ọ́ di ìjánu tí a ń kì bọ ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ lẹ́nu. N kò tí ì gbọ́ kí wọ́n pa á fún ẹni tó ṣẹ̀ rí. Ṣebí àwọn baba kan náà ló ní bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò bá tètè sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ ká sùn lóru? Èmi tí n kò sùn lóru ni mo wá sọ ọ́, èmi náà ni wọ́n pè ní oníjà.

Wọ́n á ní àṣà òyìnbó ni pípe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn. Irọ́ ni. Ní Ìbàdàn àtijọ́, ẹjọ́ tí baálé ilé kò bá lè parí á dé ọ̀dọ̀ mọ́gàjí, olórí ìdílé. Bó bá tún kọjá mọ́gàjí, ó di ọ̀dọ̀ ìjòyè tí agboolé náà ń sìn, títí tó fi máa dé iwájú Baálẹ̀, bí a ṣe ń pe olórí ìlú kí oyè náà tó di Olúbàdàn ní 1936. Àtẹ̀gùn ni wọ́n ṣe fún ẹjọ́, kì í ṣe ògiri. Ẹ sì gbọ́ orúkọ tí Yorùbá sọ ilé ẹjọ́ tó wà lókè: kóòtù kò-tẹ́-mi-lọ́rùn. A ò pè é ní kóòtù ẹ-jọ̀ọ́-ẹ-ṣàánú-mi.

Òfin òde òní gbà bẹ́ẹ̀. Bí kóòtù ìbílẹ̀ Mápó bá tú ìgbéyàwó ká lónìí, ẹni tí kò tẹ́ lọ́rùn lè gbé e lọ sí kóòtù kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ti ìbílẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Ìdájọ́ adájọ́ ilé ẹjọ́ gíga pàápàá ṣe é pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn tako. Ṣé ti alága lánlọ́ọ̀dù nìkan ni kò ṣe é yẹ̀ wò? Ti ariwo gan-an, ó ní ìwọ̀n. Òfin ìjọba àpapọ̀ ti 2009, èyí tó wà lọ́wọ́ NESREA, àjọ tó ń mú òfin àyíká ṣẹ, sọ pé níbi tó jẹ́ kìkì ilé gbígbé, ariwo kò gbọ́dọ̀ ju 50 dẹ̀síbẹ́ẹ̀lì lọ lọ́sàn-án àti 35 lóru. Ohun tó ní òṣùwọ̀n kì í ṣe ọ̀rọ̀ "ẹ fara dà á" mọ́.

Àwọn ọmọ wa tó wà ní Peckham, Lọ́ńdọ̀nù, mọ ohun tí mò ń wí. Ní 2014, Ìlú Ọba ṣòfin pé ẹni tí aládùúgbò ń yọ lẹ́nu lè ní kí ìjọba ìbílẹ̀, ọlọ́pàá àtàwọn yòókù jọ jókòó tún ẹjọ́ rẹ̀ yẹ̀ wò. Ẹ̀sùn mẹ́ta láàárín oṣù mẹ́fà ti tó níbi tó pọ̀ jù. Òfin náà kò dúró síbẹ̀: ó pa á láṣẹ pé ìlànà ìyẹ̀wò náà gbọ́dọ̀ sọ ohun tí olùfisùn máa ṣe bí inú rẹ̀ kò bá dùn sí bí wọ́n ṣe ṣe é.

Ẹnìkan á ní, bí gbogbo èèyàn bá ń pẹjọ́, ìgbà wo ni ìjà máa tán? Èmi náà bi í: ìjà tí a dákẹ́ lé lórí, ṣé ó tán ni? Ẹ bi ògiri ọgbà ẹ̀wọ̀n Agodi. Ní 1968, àwọn àgbẹ̀ fárí gá pé owó orí pọ̀ jù, pé agbowó orí ń fìyà jẹ wọn. Ìjọba gbé ìgbìmọ̀ Adájọ́ Ayọ̀ọlá kalẹ̀. Ìgbìmọ̀ jókòó, ó dìde, ọ̀rọ̀ kò tán nínú àgbẹ̀. Nígbà tó di oṣù kẹsàn-án 1969, Àgbẹ́kọ̀yà, ẹgbẹ́ àwọn àgbẹ̀ náà, ya wọ ọgbà ẹ̀wọ̀n Agodi, wọ́n tú ẹlẹ́wọ̀n sílẹ̀. Owó orí kì í ṣe sípíkà, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò rí ilẹ̀kùn, ògiri ló máa wó.

Kì í sì í ṣe nítorí olùfisùn nìkan ni mo ṣe ń wí èyí. Àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n ń pè ní ọmọ ìta láti Bẹẹrẹ dé Bẹ́yẹrúnká, tí wọ́n ní kí wọ́n kó kúrò ládùúgbò láìjẹ́ kí wọ́n sọ tẹnu wọn, ta ni wọ́n fẹ́ ké sí? Àgbà òṣìkà ní í gbọ́ ẹjọ́ ẹnìkan dá. Pípe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ni ààbò àwọn náà.

Bó bá jẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba ló kọ etí ikún sí ẹ, Public Complaints Commission, àjọ tó ń gbọ́ ẹ̀sùn aráàlú, ti wà láti 1975, kì í gbowó. Ṣùgbọ́n àdúgbò ni kí àtúnṣe ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yin alága, ẹ̀yin mọ́gàjí, mi ò ní kẹ́ ẹ dá mi láre. Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún kéré: ẹ kọ ìdájọ́ yín sílẹ̀, ẹ kọ déètì sí i, ẹ fún tọ̀tún tòsì ní ẹ̀dà kan, kẹ́ ẹ sì kọ orúkọ ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn lẹ́yìn yín sí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Kò ná yín ní kọ́bọ̀. Ìwé owó ọdẹ yẹn ṣì ní ojú ewé tó ṣófo lẹ́yìn.