Ojú Ọ̀run Kò Ní Ògiri

Àwọn àgbà wa ní ojú ọ̀run tó ẹyẹ fò láìfara kan ra. Òótọ́ ni, bí ó bá jẹ́ ti ẹyẹ. Ṣùgbọ́n ọmọ aráyé ti fi irin ṣe ìyẹ́, ó sì ti bá ẹyẹ pín ojú ọ̀run. Láti ọjọ́ náà ni òwe yìí ti ń fẹ́ àtúnṣe. Ohun tí mo fẹ́ bá ẹ̀yin olùkọ́ wa àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi sọ ni ọ̀rọ̀ awakọ̀ bàálù kékeré tó ṣèèṣì wọ ibi tí kò yẹ kó wọ̀ lójú ọ̀run. Èrò tèmi ni pé ẹni tó ṣìnà tó sì jẹ́wọ́, kí a má fìyà jẹ ẹ́. Ẹni tó mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni kí òfin mú.

Ẹ jẹ́ kí n fi ilẹ̀ ṣàpèjúwe òkè. Ní ọdún tí mo kọ́kọ́ dé Ìbàdàn, wọ́n rán mi níṣẹ́ sí agboolé kan ní Beyerunka. Mo bọ́ sílẹ̀ ní Ọjà'ba, mo gba ọ̀nà tóóró kan wọ àárín àwọn ilé onípáànù. Kí n tó mọ̀, mo ti dé ẹ̀yìnkùlé àwọn mọ̀lẹ́bí kan tí wọ́n ń ṣe ìpàdé wọn lọ́wọ́. Kò sí ọgbà, kò sí géètì; ṣùgbọ́n gbogbo ọmọ ilé ló mọ ibi tí agboolé wọn ti bẹ̀rẹ̀. Bàbá àgbàlagbà kan ní, “Ìwọ ọmọ yìí, ta lo ń wá?” Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Mo ní, “Ẹ má bínú, bàbá, mo ṣìnà ni.” Bàbá bi mí pé níbo ni mo ti yà sódì, mo sì sọ fún un. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní èmi ni ẹni kẹta lọ́sẹ̀ náà. Ó ní kí ọmọ kan sìn mí débi tí mò ń lọ, kí òmíràn sì fi ẹfun fa ọfà sára ògiri ní ibi tí mo ti ṣìnà, kí àlejò mìíràn lè mọ ibi tí yóò yà sí.

Bí ojú ọ̀run ṣe rí gan-an nìyẹn. Yíká àwọn pápá ọkọ̀ òfuurufú ńlá, wọ́n ti pín òfuurufú sí ìpele-ìpele bí ilé alájà. Bàálù kan kò gbọdọ̀ wọ ibẹ̀ láìgba àṣẹ lẹ́nu àwọn tó ń darí ọkọ̀ láti ilẹ̀. Orí máàpù ni ààlà náà wà, kò sí lójú ọ̀run. Awakọ̀ lè ka máàpù sódì, afẹ́fẹ́ sì lè gbé e yà. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ti tó.

Ohun tí ìṣẹ́jú díẹ̀ yẹn lè dá sílẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín. Ní ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 1986, bàálù ńlá Aeroméxico kan ń sọ̀kalẹ̀ bọ̀ ní Los Angeles ní Amẹ́ríkà. Bàálù kékeré kan, tí ènìyàn 3 wà nínú rẹ̀, ti wọ òfuurufú tí wọ́n ń ṣọ́ náà láìgba àṣẹ. Àwọn olùwádìí ní ó ṣèèṣì ni. Ojú ọjọ́ mọ́ kedere, síbẹ̀ wọ́n kọlu ara wọn lókè ìlú Cerritos. Ènìyàn 64 tó wà nínú bàálù ńlá kú, àwọn 3 inú kékeré kú, ènìyàn 15 sì kú nílẹ̀, àwọn tí kò bá ẹnikẹ́ni wọ bàálù rárá. Gbogbo wọn jẹ́ 82. Ẹ gun òkè Màpó, kí ẹ wo òrùlé láti Bẹẹrẹ títí dé Ọjà'ba, bí ilé ṣe fẹ̀gbẹ́ kan ilé, kí ẹ tó sọ pé ọ̀rọ̀ olówó àti òyìnbó ni èyí.

Ilé tiwa náà kọ́ o. Ní ọjọ́ 7 oṣù kọkànlá ọdún 1996, bàálù ADC kan tó ń ti Port Harcourt bọ̀ wá sí Èkó yà kí ó má baà kọlu òmíràn, ó sì já ní Ejìrìn. Kò sẹ́ni tó yè. Ọ̀jọ̀gbọ́n Claude Ake wà nínú rẹ̀. Awakọ̀ tiwọn kò ṣìnà, ṣùgbọ́n ó fi hàn wá pé ojú ọ̀run Nàìjíríà náà há.

Àwọn kan yóò ní, bí ọ̀rọ̀ bá le tó báyìí, kí a gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ gbogbo ẹni tó bá kọjá ààlà. Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n awakọ̀ tó ṣìnà tí ẹnikẹ́ni kò rí, tó sì yọ, ta ni yóò sọ fún? Bí ó bá mọ̀ pé ìyà ń dúró de òun, ẹnu rẹ̀ ni yóò pa mọ́. Ẹni tó jìn sí kòtò kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n; ṣùgbọ́n bí ó bá gbọn aṣọ rẹ̀ tó sì dákẹ́, ará yòókù yóò jìn sí i.

Ní ọjọ́ 1 oṣù kejìlá ọdún 1974, bàálù TWA kan forí sọ òkè nítòsí Washington, ènìyàn 92 sì kú. Ní bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ṣáájú, bàálù iléeṣẹ́ mìíràn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kọlu òkè kan náà nítorí àṣìgbọ́ kan náà. Àwọn awakọ̀ rẹ̀ sọ fún iléeṣẹ́ wọn, ṣùgbọ́n ìròyìn náà kò dé etí àwọn yòókù. Ọgbọ́n tí Amẹ́ríkà rí kọ́ nínú rẹ̀ ni ètò tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1976, tí wọ́n sì fi sọ́wọ́ NASA, tí kì í ṣe iléeṣẹ́ tó ń fìyà jẹ awakọ̀. Ẹni tó bá ṣèèṣì rú òfin, tí kò sì ṣe jàǹbá, tó bá kọ̀wé jẹ́wọ́ láàárín ọjọ́ 10, wọ́n lè fojú fo ìyà rẹ̀. Ẹni tó mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é kò sí nínú àánú yìí. Mathias Rust, ọ̀dọ́ ará Jámánì tó fi bàálù kékeré balẹ̀ nítòsí Red Square ní Moscow ní 1987, kò ṣìnà. Ó mọ ibi tó ń lọ.

Nílẹ̀ wa, NCAA ló ń mú òfin ṣẹ, NSIB ló ń wádìí jàǹbá. Ẹ̀bẹ̀ mi ni pé kí ìjẹ́wọ́ máa lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń wádìí, kó má ṣe lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń fìyà jẹni. Kí wọ́n sì máa tẹ ẹ̀kọ́ inú rẹ̀ jáde láìdárúkọ ẹnikẹ́ni. Kì í ṣe oníbàálù nìkan lọ̀rọ̀ yìí kàn. Ọ̀dọ́ ayàwòrán tó ń fò dróònù níbi ìnáwó ní Gbọ̀ngàn Màpó náà ti di awakọ̀ òfuurufú. Òun náà gbọ́dọ̀ gba àṣẹ, òun náà sì lè ṣìnà.

Ẹ̀yin tí ẹ óò di amòfin àti aláṣẹ lọ́la, ẹ rántí bàbá Beyerunka. Bí ó bá ti nà mí lọ́jọ́ náà ni, ǹ bá ti sá jáde láìsọ ibi tí mo ti yà sódì, ẹnikẹ́ni kì bá sì ti fa ọfà sára ògiri. Ẹni kẹrin ì bá tún wọlé bá wọn lọ́jọ́ kejì.