Ká Sanwó Ìlera Kí Àìsàn Tó Dé

 Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ lóṣù yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ èlé, kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹni tó jẹ gbèsè. Ọ̀rọ̀ ara líle ni. Ìpàdé gbogbogbòò ń bọ̀, a ó sì jíròrò lórí àpò ìlera níbẹ̀. Ká tó dìbò, ó yẹ ká mọ ohun tí à ń dìbò fún.

Gbogbo wa la mọ bí ó ṣe ń rí. Ọmọ ẹgbẹ́ á sáré dé ọ́fíìsì láàárọ̀ kùtù, á ní wọ́n ti gbé ìyàwó òun dé ọsibítù, wọ́n sì ní kí òun san owó àsansílẹ̀ kí wọ́n tó fọwọ́ kàn án. Akọ̀wé á wá oníduùró, akápò á wá owó. Bí owó bá wà, a ó yá a. Aláìsàn á gbádùn, ṣùgbọ́n owó tí ọkọ ì bá fi ra ọjà ti lọ, gbèsè á sì jókòó tì í lọ́dún kan gbáko. Àwa á máa pè é ní ìrànlọ́wọ́. Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ fún ara wa: ẹ̀yáwó lè wo àìsàn sàn, àmọ́ gbèsè ló ń fi sílẹ̀ nílé.

Àwọn kan ti gba ọ̀nà mìíràn rí, ó sì yẹ ká gbọ́ tiwọn. Ní apá àríwá Amẹ́ríkà, ní ìpínlẹ̀ Minnesota, ìlú èbúté kan wà létí adágún Superior tí wọ́n ń pè ní Duluth. Ní 1888, àwọn sístà ìjọ Àgùdà, ọmọ ẹgbẹ́ Benedict Mímọ́, dá ilé ìwòsàn St. Mary's sílẹ̀ níbẹ̀. Iṣẹ́ gẹdú gbilẹ̀ lágbègbè náà nígbà yẹn. Inú igbó ni àwọn agégẹdú ń gbé nígbà òtútù, tí yìnyín bo ilẹ̀, tí kò sí ìyá tàbí aya nítòsí. Igi ń wó lu èèyàn, àáké ń ṣá èèyàn lẹ́sẹ̀. Òfin tí yóò mú ọ̀gá iṣẹ́ sanwó fún òṣìṣẹ́ tó fara pa kò sì dé Minnesota títí di 1913.

Kí ni àwọn sístà wọ̀nyí ṣe? Wọn kò dúró di ìgbà tí ẹnì kan bá fara pa kí wọ́n tó béèrè owó. Tíkẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ń tà. Agégẹdú á san dọ́là mélòó kan nígbà tí ara rẹ̀ ṣì le, tó ń gbowó iṣẹ́. Bó bá wá ṣàìsàn tàbí tó fara pa, á mú tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ lọ, wọ́n á sì tọ́jú rẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn, Sístà Amata Mackett, obìnrin gíga sígbọnlẹ̀, máa ń rin inú yìnyín láti àgọ́ dé àgọ́ láti tà á. Sístà Àwọn Agégẹdú ni wọ́n ń pè é. Ẹ̀yin tí ẹ ń kiri ọjà mọ ohun tí ìyẹn jẹ́: ẹni tó bá fẹ́ kó owó mẹ̀kúnnù jọ, á bá wọn débi iṣẹ́ wọn ni, kò ní jókòó sí ọ́fíìsì.

Ibi tó yẹ ká fetí sí dáadáa nìyí. Tíkẹ́ẹ̀tì yẹn kì í ṣe àjọ. Owó tí o bá dá lọ́dọ̀ alájọ, tìrẹ ni, wàá kó o bí oṣù bá parí. Owó tíkẹ́ẹ̀tì kì í padà. Agégẹdú tí ara rẹ̀ le tọ́dún fi yí po kò gba kọ́bọ̀. Ẹsẹ̀ ẹlòmíràn ni wọ́n fi owó rẹ̀ wò. Ẹnì kan á ní, "Ẹ̀yin ará, ṣé kì í ṣe pé èèyàn sọ owó nù nìyẹn?" Rárá o. Ìfọ̀kànbalẹ̀ ló fi rà, torí lọ́dún tó ń bọ̀ ó lè jẹ́ ẹsẹ̀ tirẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn ń san díẹ̀ díẹ̀, àwọn díẹ̀ ló ń ṣàìsàn lẹ́ẹ̀kan náà. Gbogbo àṣírí ibẹ̀ kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí a bá gba àpò ìlera wọlé, kí gbogbo wa mọ èyí dájú, kí ẹnikẹ́ni má wá bá akápò jà níparí ọdún pé òun kò ṣàìsàn, kí wọ́n dá owó òun padà.

Ilé ìwòsàn yẹn kò kú. Ó dàgbà, ó sì ti di ara Essentia Health, tí olú ilé iṣẹ́ rẹ̀ wà ní Duluth, tí ọsibítù rẹ̀ lé ní 10 ní Minnesota, Wisconsin àti North Dakota. Ní 2023 ni wọ́n ṣí ilé ńlá tuntun fún St. Mary's. Wọn kì í ṣe é torí èrè. Ìyẹn kò ní kí owó má ṣẹ́ kù lọ́wọ́ wọn o. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé kò sí onípìn-ín tí yóò pín in sápò. Inú iṣẹ́ ló ń padà sí. Nítorí ìdáríjì owó orí tí irú wọn ń jẹ, òfin tí ilẹ̀ náà ṣe ní 2010 ní kí wọ́n máa wádìí ohun tí ìlera ará àdúgbò ń fẹ́ lọ́dún mẹ́ta mẹ́ta, kí wọ́n sì kọ ètò ìrànwọ́ fún aláìní sílẹ̀ ní gbangba.

Ṣùgbọ́n ohun tó bá tóbi lè jìnnà sí àwọn tó gbé e ró. Ní 2022, Essentia dá iṣẹ́ ìgbẹ̀bí dúró ní ọsibítù rẹ̀ ní ìlú kékeré Fosston. Wọ́n ní òṣìṣẹ́ kò tó, kí àwọn aboyún máa lọ sí Detroit Lakes. Ìlú fárí gá, wọ́n ní kò bá àdéhùn mu. Lóòótọ́, òṣìṣẹ́ ṣòro rí nílùú kékeré. Àmọ́ aboyún tó ń rọbí lóru, ọ̀nà jíjìn ni tirẹ̀. Ohun tí a rí kọ́ ni pé kí ilé iṣẹ́ má wá èrè nìkan kò tó. Ẹni tó dáwó gbọ́dọ̀ lẹ́nu ọ̀rọ̀ níbi tí wọ́n ti ń pinnu. Ibẹ̀ gan-an ni ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ti dára: ọmọ ẹgbẹ́ kan, ìbò kan, olówó ńlá ni o, aláta ni o.

Èrò tiwa ni pé ká dìbò gbè é, ṣùgbọ́n kí nǹkan mẹ́ta dúró ṣinṣin. Èkíní, kí ìwé àti àkáǹtì àpò ìlera dá dúró, kí a má yá nínú rẹ̀ fún òwò láéláé. Èkejì, kí a má dá ẹrù iṣẹ́ abẹ ńlá gbé. Òfin ìjọba àpapọ̀ ti 2022 ti sọ ìdójútòfò ìlera di dandan fún gbogbo ará ìlú. Kí ẹgbẹ́ kó orúkọ wa wọ ètò ìpínlẹ̀ lápapọ̀, kí ó máa gba owó rẹ̀ lọ́wọ́ wa díẹ̀ díẹ̀. Ẹ̀kẹta, kí àwọn ìyálọ́jà wà nínú ìgbìmọ̀ rẹ̀, kí wọ́n sì máa ka ìṣirò owó sí wa létí lóṣooṣù.

Ìlera loògùn ọrọ̀. Ẹ wá sípàdé, ẹ má fi ìbò yín sílẹ̀ fún àwọn tó ráyè nìkan. Ẹni tí ara rẹ̀ le lónìí ló lè dáwó. Aláìsàn kò rówó dá.