Ta ló yẹ kó gba owó ìmoore nígbà tí àlejò bá fò lójú ọ̀run Ghana?

Lọ́dọọdún, bí àjọ̀dún Àjíǹde bá ti kù fẹ́ẹ́fẹ́, ọ̀pọ̀ ọkọ̀ máa ń jáde kúrò ní Accra, wọ́n á sì dorí kọ ọ̀nà Kumasi. Ilẹ̀ olókè Kwahu ni wọ́n ń lọ, ní agbègbè Ìlà Oòrùn Ghana.

Lórí òkè Odweanoma, nítòsí ìlú Atibie, àwọn atukọ̀ tó ń fi páráṣúùtì gbòòrò fò ti ń dúró dè wọ́n. Paragliding ni wọ́n ń pe eré yìí. Wọ́n á fi ìgbànú so àlejò mọ́ iwájú atukọ̀, àwọn méjèèjì á sáré díẹ̀ lọ sí etí òkè, atẹ́gùn á sì gbé wọn. Pápá ìṣeré Nkawkaw, tó wà ní ìsàlẹ̀ òkè, ni wọ́n máa ń balẹ̀ sí.

Ibẹ̀ ni ìbéèrè kan ti ń yọjú. Ẹsẹ̀ àlejò ṣì ń gbọ̀n, inú rẹ̀ ń dùn, atukọ̀ sì ń tú okùn lára rẹ̀. Ṣé kí ó fún un ní nǹkan? Èló ni kó fún un? Ṣé cedi ni àbí dọ́là? Àwọn òṣìṣẹ́ yòókù wá ńkọ́?

Ìbéèrè kékeré ló jọ létí, ṣùgbọ́n ó kan owó iṣẹ́ àwọn òṣìṣẹ́, ó kan iyì owó Ghana, ó sì kan ẹ̀mí ẹni tó fẹ́ fò.

Iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn, ẹ̀bùn ẹnì kan

Ọdún 2005 ni iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ìrìnàjò afẹ́ ní Ghana gbé àjọ̀dún fífò Kwahu kalẹ̀, kí àwọn àlejò lè máa wá sí ilẹ̀ olókè náà nígbà Àjíǹde. Láti ìbẹ̀rẹ̀, àwọn atukọ̀ tó ti ilẹ̀ òkèèrè wá ló ń kó ipa tó pọ̀ jù nínú gbígbé àlejò fò. Àjàkálẹ̀ àrùn Kòrónà dá àjọ̀dún náà dúró ní ọdún 2020 àti 2021, kó tó tún bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2022.

Atukọ̀ nìkan ni ojú àlejò ń rí dáadáa, nítorí òun ló bá a fò. Bẹ́ẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ọwọ́ ló ti ṣiṣẹ́ kí ẹsẹ̀ àlejò tó kúrò nílẹ̀. Ẹnì kan ló kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Ẹlòmíràn ló tẹ́ páráṣúùtì sílẹ̀, tó sì wò ó pé okùn kankan kò lọ́ mọ́ra. Àwọn kan ń wo atẹ́gùn. Àwọn mìíràn ń dúró ní pápá ìsàlẹ̀ láti gba àwọn tó ń balẹ̀, àwọn awakọ̀ sì ń ru atukọ̀ àti ẹrù rẹ̀ padà sórí òkè.

Bákan náà ló rí nínú eré fífò jáde láti inú ọkọ̀ òfurufú, èyí tí ó gbilẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Ẹgbẹ́ àwọn tó ń fi páráṣúùtì fò ní orílẹ̀-èdè náà, USPA, kì í gba olùkọ́ láyè láti gbé àlejò fò bí kò bá tíì lo ọdún mẹ́ta nídìí eré náà, tí kò sì tíì fò tó ìgbà 500. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó di páráṣúùtì náà wà nínú ọgbà lẹ́yìn, níbi tí àlejò kò dé. Òfin sì sọ pé páráṣúùtì kejì, tí wọ́n ń pa mọ́ de ìjàǹbá, gbọ́dọ̀ gba ọwọ́ ẹni tó ní ìwé àṣẹ fún iṣẹ́ náà ní gbogbo ọjọ́ 180. Ẹ̀mí àlejò wà lọ́wọ́ ẹni tí kò rí yìí bí ó ṣe wà lọ́wọ́ olùkọ́ tó bá a fò.

Àṣà tó bá àlejò wọlé láti Amẹ́ríkà

Ní ọdún 2019, ìjọba Ghana pe àwọn ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà tó wà káàkiri àgbáyé wá sílé, láti fi rántí 400 ọdún tí wọ́n kó àwọn ẹrú ilẹ̀ Áfíríkà àkọ́kọ́ dé Virginia. Iye àlejò tó wọ Ghana lọ́dún náà lé ní mílíọ̀nù kan. Láti ìgbà náà, oṣù Kejìlá ní Accra ti di àkókò ìpàdé fún àwọn tó ń bọ̀ láti Amẹ́ríkà, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Nàìjíríà. Bí àwọn wọ̀nyí ti ń kó ẹrù wọlé ni wọ́n ń kó àṣà ìnáwó wọn wọlé pẹ̀lú.

Ní Amẹ́ríkà, owó ìmoore, tí wọ́n ń pè ní tip, ti di apá kan owó iṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́. Láti ọdún 1991, òfin ìjọba àpapọ̀ ibẹ̀ gbà kí agbanisíṣẹ́ máa san dọ́là 2.13 péré fún wákàtí kan fún òṣìṣẹ́ tó ń gba owó ìmoore, bí ohun tí àwọn oníbàárà ń fún un bá lè mú owó náà dé iye tó kéré jù lọ tí òfin là sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ olùkọ́ fífò níbẹ̀ kì í gba owó oṣù. Iye ìgbà tí wọ́n bá fò ni wọ́n ń san fún wọn. Ìdí nìyí tí oníbàárà fi ń wo ẹ̀bùn yìí bí ohun tó yẹ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí òfin tó fi dandan lé e. Ọ̀rọ̀ náà tóbi débi pé, ní oṣù Keje ọdún 2025, Ààrẹ Donald Trump fọwọ́ sí òfin kan tó yọ apá kan owó ìmoore kúrò nínú ohun tí òṣìṣẹ́ yóò san owó orí lé lórí.

Kì í ṣe gbogbo ayé ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ní Japan, ẹni tó bá fi owó sílẹ̀ lórí tábìlì lè rí i kí òṣìṣẹ́ sáré tẹ̀ lé e láti dá a padà. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òfin ọdún 2023 tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹwàá ọdún 2024 pàṣẹ pé agbanisíṣẹ́ kò gbọdọ̀ yọ kọ́bọ̀ nínú owó ìmoore, kí ó sì pín in fún àwọn òṣìṣẹ́ lọ́nà tó tọ́. Ìyẹn ni pé orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ti jókòó ro ohun tí ẹ̀bùn yìí dúró fún.

Láàrin ènì, 'dash' àti rìbá

Ohun tí ilẹ̀ Yorùbá àti Ghana mọ̀ tipẹ́ yàtọ̀. Ní ọjà Yorùbá, olùtajà ló ń fi ènì sí ọjà fún oníbàárà. Àwọn Akan ní Ghana ń pe irú rẹ̀ ní ntosoɔ. Ọ̀dọ̀ ẹni tó ń tà ni ìmoore ti ń wá sọ́dọ̀ ẹni tó rà. Owó ìmoore ti ilẹ̀ òkèèrè yí i padà: ẹni tó ti sanwó tán ló tún ń fi kún un.

Kì í ṣe pé ẹ̀bùn fún òṣìṣẹ́ ṣàjèjì. Ní Accra bí ó ti rí ní Èkó, 'dash' lórúkọ tí gbogbo ènìyàn mọ̀ ọ́n sí. Àwọn Yorùbá náà sì gbà pé ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ 'dash' yìí kan náà ni àwọn kan fi ń bo owó ẹ̀yìn mọ́lẹ̀. Ìyàtọ̀ tó wà láàrin wọn kò ṣòro láti mọ̀. Ẹ̀bùn tí ó tẹ̀ lé iṣẹ́ tí a ti ṣe tán ni ìmoore. Èyí tó ṣáájú iṣẹ́, tí ó sì fẹ́ kí a yí ìlànà padà fún ẹnì kan, rìbá ni.

Ohun tí ogún dọ́là ń sọ ní Ghana

Ní ọdún 2025, owó iṣẹ́ òòjọ́ tó kéré jù lọ ní Ghana jẹ́ cedi 19.97. Bí a bá fi cedi 11 ṣírò dọ́là kan, àlejò tó fi ogún dọ́là sí ọwọ́ atukọ̀ ti fún un ní cedi 220. Iye yìí jẹ́ owó iṣẹ́ ọjọ́ mọ́kànlá fún ẹni tó ń gba owó tó kéré jù lọ. Bí ọ̀dọ́mọkùnrin tó ká páráṣúùtì, tó sì rù ú dé ìdí ọkọ̀, bá ń wò wọ́n láì rí nǹkan gbà, kò ṣòro láti mọ ohun tí yóò máa rò.

Owó ilẹ̀ òkèèrè tún ní ewu tirẹ̀. Ní ìparí ọdún 2024, ogún dọ́là lé ní cedi 280. Nígbà tí cedi lágbára sí i ní ọdún 2025, ogún dọ́là kan náà kò ju cedi 200 àti díẹ̀ lọ ní àárín ọdún. Òṣìṣẹ́ tó fi ẹ̀bùn Kérésìmesì rẹ̀ pa mọ́ ní dọ́là pàdánù ju ìdá mẹ́rin lọ nínú rẹ̀ láì ná kọ́bọ̀. Báńkì àpapọ̀ Ghana pẹ̀lú ti kìlọ̀ léraléra, lábẹ́ òfin ọdún 2006 lórí pàṣípààrọ̀ owó, pé ẹni tí kò gbàṣẹ kò gbọdọ̀ fi dọ́là díye lé ọjà tàbí iṣẹ́.

Àwọn kan rò pé àwọn ti san owó ìmoore tán nínú iye tí wọ́n kọ sí ìwé owó. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún tí òfin ìrìnàjò afẹ́ ti ọdún 2011 fi lé àwọn ilé ìtura, ilé oúnjẹ àti ibi ìgbafẹ́, àpò ìdàgbàsókè ìrìnàjò afẹ́ ló ń lọ. Òṣìṣẹ́ tó di ìgbànú mọ́ àlejò kì í fọwọ́ kàn án.

Ẹni tó sọ pé 'a kò ní fò lónìí'

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti wúwo jù kọ́ nìyí. Atẹ́gùn lórí òkè kì í dúró sójú kan. Bí oòrùn bá ti mú gan-an, afẹ́fẹ́ gbígbóná tó ń gòkè láti ilẹ̀ lè ju páráṣúùtì síwá sẹ́yìn, òjò sì lè ṣú lójijì. Ní irú àkókò bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ tó dára jù lọ tí atukọ̀ lè ṣe fún àlejò ni kí ó sọ pé òun kò fò.

Ṣùgbọ́n ta ló ń fún ẹni tí kò fò ní ẹ̀bùn? Inú àlejò tó ti Accra wá, tó ti tò láti òwúrọ̀, tí àwọn ẹbí rẹ̀ sì ti gbé fóònù sókè láti ya àwòrán, kò ní dùn. Kò ní na owó sí ẹni tó dá a dúró. Bí owó atukọ̀ bá sì rọ̀ mọ́ iye ìgbà tó fò àti ohun tí àlejò fi sí i lọ́wọ́, ọjọ́ tó bá pa ẹ̀mí mọ́ ni ọjọ́ tó máa padà sílé pẹ̀lú ọwọ́ òfìfo. Ètò tó ń san owó fún ìgboyà, tí kì í san án fún ìṣọ́ra, ń ti òṣìṣẹ́ sí ibi tí kò yẹ.

Ìdí nìyí tí owó ìmoore kò fi lè rọ́pò owó iṣẹ́. Ẹ̀bùn lè mú inú òṣìṣẹ́ dùn, ṣùgbọ́n owó tó dájú ló ń jẹ́ kí ó lè sọ pé rárá. Ọdún 2020 àti 2021, tí àjọ̀dún fífò Kwahu kò wáyé, fi hàn pé ẹni tó bá gbé ara lé ẹ̀bùn àlejò nìkan kò ní nǹkan kan nígbà tí àlejò kò bá wá.

Kí ló yẹ ní ṣíṣe?

Kò sí òfin ní Ghana tó fi dandan lé e pé kí àlejò fún ẹni tó gbé e fò ní owó. Ẹni tí kò ní, ọpẹ́ àtọkànwá tó o. Ẹni tó bá fẹ́ fúnni lè ro àwọn nǹkan wọ̀nyí:

• Kí ó béèrè níbi tí ó ti ń kọ orúkọ sílẹ̀ bóyá àpótí kan wà tí gbogbo òṣìṣẹ́ jọ ń pín. Bí kò bá sí, kí ó pín ẹ̀bùn rẹ̀ sí méjì: apá kan fún atukọ̀, apá kejì fún àwọn tó ṣiṣẹ́ nílẹ̀.

• Kí ó dúró di ìgbà tí ó bá balẹ̀ tán. Owó tó ṣáájú fífò lè dà bí ẹni pé ó fẹ́ fo ìlà, tàbí pé ó fẹ́ kí wọ́n gbójú fo atẹ́gùn.

• Kí ó fúnni ní cedi, bóyá lọ́wọ́ tàbí lórí fóònù. Láti oṣù Kẹrin ọdún 2025 ni ìjọba ti fagi lé owó orí tí wọ́n ń yọ lórí owó tí a bá fi ránṣẹ́ lórí fóònù.

• Kí ó fi ọwọ́ ọ̀tún fúnni, pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Ní Accra, bí ó ti rí ní ilé Yorùbá, ọwọ́ òsì jẹ́ ìwọ̀sí. Kì í sì í ṣe ohun tí a ń ná síni lórí bí ẹni wà lóde ijó.

• Bí wọ́n bá sọ pé ojú ọjọ́ kò gbà, kí ó dúpẹ́. Bí ó bá ti ní i lọ́kàn tẹ́lẹ̀ láti fúnni ní nǹkan, ọjọ́ náà gan-an ló yẹ kí ó fúnni.

Ti àlejò nìyẹn. Èyí tó kù wà lọ́wọ́ àwọn tó ń ṣètò eré náà. Bí wọ́n bá kọ ọ́ síta gbangba pé owó fífò ti kó owó iṣẹ́ gbogbo òṣìṣẹ́ pọ̀, bí wọ́n bá sọ bí wọ́n ṣe ń pín ohun tó wà nínú àpótí, tí wọ́n sì ń san owó ọjọ́ tí atẹ́gùn kò gbà fún atukọ̀, àlejò kò ní máa ṣe ìṣirò pẹ̀lú ẹsẹ̀ tó ń gbọ̀n. Yóò kàn dúpẹ́ ni. Atukọ̀ pẹ̀lú yóò lè wo ojú ọ̀run láì kọ́kọ́ wo àpò àlejò.