Iṣẹ́ Tó Wà Nílùú, Ẹ Jẹ́ Kí Ọmọ Ìlú Gbọ́



Láìpẹ́ yìí, ilé-iṣẹ́ kan nítòsí wa ń wá akọ̀wé owó. Ara ògiri ọ́fíìsì wọn ni wọ́n lẹ ìwé ìkéde mọ́, ọjọ́ márùn-ún péré ló lò níbẹ̀. Ọmọ wa kan tó kọ́ṣẹ́ ìṣirò owó, tó ń ta kírẹ́dì tẹlifóònù ní Kútọnú, kò gbọ́. Nígbà tí ìyá rẹ̀ máa fi gbọ́ lọ́jà, wọ́n ti gba ẹlòmíràn. A ò bínú sí ẹni tí wọ́n gbà. Ṣùgbọ́n ilé-iṣẹ́ yìí kan náà wà lórí Facebook! Bí ọdún bá dé, wọ́n á kí wa níbẹ̀. Iṣẹ́ wá ṣí sílẹ̀, wọ́n dákẹ́.

Ọmọ Kétu, ọmọ Ṣábẹ̀ẹ́, ọmọ Pọ́bẹ̀ ò sí nílé tán mọ́. Agogo tí wọ́n ń lù láàfin kò lè dé Kútọnú, láti Ṣábẹ̀ẹ́ síbẹ̀ ju kìlómítà 200 lọ. WhatsApp ń dé ibẹ̀ kí oúnjẹ tó jinná. Kí ọ̀gá iṣẹ́ fi ohùn sọ ọ́ ní Yorùbá pẹ̀lú: iṣẹ́ báyìí ló wà, ìwé-ẹ̀rí báyìí la fẹ́, ọjọ́ báyìí ló máa parí. Ẹni tí kò gbọ́ Faransé dáadáa náà á lè sọ fún ọmọ ẹ̀. Iṣẹ́ tí gbogbo ayé ti gbọ́, ó ṣòro láti yọ́ ọ fún ọmọ àbúrò ẹni. Bóyá ìdí nìyẹn táwọn kan ò fi fẹ́ ẹ.

Àwọn ọ̀gá míì kì í fẹ́ rí tẹlifóònù lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ rárá. Òótọ́ ni pé ẹni tó ń rẹ́rìn-ín sí fídíò nígbà tí oníbàárà dúró ń ba ọjà jẹ́. Ṣùgbọ́n aránṣọ tó ń fi aṣọ tó rán sórí WhatsApp, iṣẹ́ ló ń ṣe yẹn. Ẹ fún un láyè.

Ẹ rántí ọdún 2018. Ìjọba ní ká máa san fráńkì 5 lórí mẹ́gà kọ̀ọ̀kan tá a bá lò lórí Facebook, WhatsApp àtàwọn ẹgbẹ́ wọn. Àwọn ọ̀dọ́ pariwo, nígbà tó fi máa di oṣù kẹsàn-án, ìjọba ti fagi lé e. Ohun tí wọ́n jà fún, ẹ jẹ́ ká fi wá oúnjẹ fún wọn.

Àwọn olè wà níbẹ̀ o, a ò fi pa mọ́. Ẹni tó bá ní kẹ́ ẹ kọ́kọ́ fi owó dósíyè ránṣẹ́ kí iṣẹ́ tó jáde, ẹ má fún un ní kọ́bọ̀.

Ohun tá a ń bẹ̀ yín fún ni pé kí ààfin kọ̀ọ̀kan yan ọ̀dọ́ kan tí yóò máa gba ìkéde iṣẹ́ lọ́wọ́ àwọn ọ̀gá àti ilé kọ́múùnù, tí yóò sì máa fi ohùn rẹ̀ ránṣẹ́ sí gbogbo ẹgbẹ́ WhatsApp ìlú. Ẹ mú orúkọ rẹ̀ wá sípàdé tó ń bọ̀.