Fíláàṣì tó ti ilẹ̀kùn mọ́rí: ẹ má tíì jẹ́ kí wọ́n "fọ́ọ̀mátì" ẹ̀ o!

Ìyá ẹlẹ́ja kan fi igbe ta ní Makoko, níwájú ìsọ̀ àwọn tó ń bá èèyàn kó orin sí fóònù. Ẹja rẹ̀ ò bàjẹ́, olè ò sì jà á. Fíláàṣì kékeré kan tí kò ju ìka ọwọ́ lọ ló dá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀.

Inú fíláàṣì yìí ni fọ́tò ilé orí omi tí òun àti olóògbé ọkọ rẹ̀ jọ kọ́ wà. Ilé ọ̀hún wà lára àwọn tí ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó wó ní Makoko lóṣù keje ọdún 2012. Ilé ti lọ, ọkọ ti lọ, fọ́tò ló kù. Ìyá ní kí wọ́n bá òun fi fọ́tò ìsọmọlórúkọ ọmọ-ọmọ òun kún un. Ni kọ̀ǹpútà bá kọ ọ́ síta pé "The disk is write protected". Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé: ẹ lè wo ohun tó wà nínú mi, àmọ́ n kò gba tuntun, ẹ ò sì lè pa ti àtijọ́ rẹ́.

Ọmọkùnrin tó wà nídìí kọ̀ǹpútà ní, "Mọ́mì, àfi ká fọ́ọ̀mátì ẹ̀."

"Kí nìyẹn, ọmọ mi?"

"Ká gbá gbogbo ohun tó wà nínú ẹ̀ dànù ni, mà."

Igbe tí màmá ké nìyẹn! Bàbá kan tó ń tún rédíò ṣe nítòsí ló sáré wọlé: "Má fọwọ́ kàn án! Kọ́kọ́ kó ẹrù inú ẹ̀ jáde ná!"

Ẹ̀yin ìyálọ́jà, ẹ̀yin oníṣẹ́ ọwọ́, ọ̀rọ̀ bàbá yẹn ni kẹ́ ẹ dì mú. Fíláàṣì tí kò gba tuntun mọ́ ṣì lè fi ti inú rẹ̀ lé yín lọ́wọ́. Kí wọ́n kọ́kọ́ kó gbogbo rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà tàbí fíláàṣì mìíràn. Lẹ́yìn ìyẹn la ó tó wá ohun tó ń ṣe é. Ọ̀nà mẹ́ta ni.

Àkọ́kọ́: ẹ rántí kásẹ́ẹ̀tì. Bí èèyàn bá ṣẹ́ etí kékeré ẹ̀yìn rẹ̀, kò sẹ́ni tó lè gba ohùn mìíràn lé e mọ́, àfi tó bá fi sẹ́lòtéèpù dí ihò náà. Àwọn fíláàṣì kan náà ní bọ́tìnì kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ike tí a ń ki mẹ́mórì káàdì fóònù bọ̀ ní tiẹ̀, wọ́n kọ "LOCK" sí i. Ẹ tì í kúrò níbẹ̀, ó parí. Bí bọ́tìnì ike yìí bá ti já, sẹ́lòtéèpù pẹlẹbẹ lè dí ojú ẹ̀ bíi ti kásẹ́ẹ̀tì.

Ìkejì: ẹ gbé e lọ sí kọ̀ǹpútà mìíràn. Bó bá gbà níbẹ̀, kọ̀ǹpútà àkọ́kọ́ ló lẹ́jọ́. Àwọn ọ́fíìsì kan máa ń mọ̀ọ́mọ̀ ti tiwọn kí wọ́n má bàa kó nǹkan wọn lọ. Bó bá kọ̀ níbi gbogbo, ẹni tó mọṣẹ́ lè tẹ "diskpart" lórí Windows, kó tẹ "list disk", kó fi "select disk" yan nọ́ńbà fíláàṣì yín, kó wá tẹ "attributes disk clear readonly". Kó wo nọ́ńbà náà dáadáa o! Bẹ́ ẹ bá sì rí i tó fẹ́ tẹ "clean", ẹ di ọwọ́ ẹ̀ mú. Ìyẹn ló ń gbá gbogbo rẹ̀ dànù.

Ìkẹta: ogbó. Gbogbo ìgbà tí a bá ń kọ nǹkan sínú fíláàṣì tí a sì ń pa á rẹ́ ló ń jẹ nínú ẹ̀mí rẹ̀. Nígbà tí ibi tó dára inú rẹ̀ bá ti tán, òmíràn á ti ilẹ̀kùn fúnra rẹ̀, kí èyí tó wà nílẹ̀ má bàa ṣòfò. Ìyẹn ò lóògùn. Ẹ má náwó fọ́ọ̀mátì sí i, ẹ ra òmíràn.

Ogbó ló mú ti màmá. Wọ́n kó fọ́tò rẹ̀ jáde láìku ẹyọ kan, wọ́n fi í sí ibi méjì, wọ́n sì fi ti ọmọ tuntun kún un. Ẹ̀yin náà, ẹ má dúró dìgbà tí tiyín bá tilẹ̀kùn. Lónìí ni kẹ́ ẹ wá ibì kejì fún un.